Ẹsẹ̀ Tuntun fún Ọkọ̀ Eléré

Peugeot 205 GTI mi, oní 1.9, táyà 185/55 R15 ló ń lò, ìwọ̀n tí kò pọ̀ lọ́jà Àjàṣẹ́. Alálòkù kan fi mẹ́rin hàn mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wojú wọn, kò tíì jẹ!” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT ni 2311: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe wọ́n. Rọ́bà tó ti pẹ́ a máa le, kì í di títì mú nínú òjò. Lẹ́tà V ara rẹ̀, tó gba eré 240 kìlómítà ní wákàtí kan, ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun ló ń wí. Ìyá wa ni mò ń gbé lọ sí Kétu lóṣooṣù. Mo ra tuntun mẹ́rin. Ọ̀dà tí mo fẹ́ fi kun ọkọ̀ náà di ẹ̀ẹ̀rùn.