Ọ̀tún Ni Tàbí Òsì?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n yóò wúlò fún ẹni tó bá ń palẹ̀mọ́ Haji: ìhà wo ni ó yẹ kí á jókòó sí nínú ọkọ̀ òfuurufú kí ojú wa lè rí nǹkan?

Ní ọdún 2018 ni mo mú ìyá mi lọ sí Haji. Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí láyé rẹ̀. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni a gbéra ní Èkó. Nínú ọkọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí àga ló ni ín. Mo sáré gba ojú fèrèsé kan lápá ọ̀tún. Mo ní, ṣebí ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, ẹsẹ̀ ọ̀tún la sì fi ń wọ mọ́sálásí? Mo jókòó síbẹ̀, mo fi ìyá mi sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Nígbà tí a dé òkè tán, ìyá mi bi mí pé, "Kí lo rí níbẹ̀?"

Mo ní, "Apá ọkọ̀ ni, Màámi."

Ó tún bi mí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Apá ọkọ̀ náà ni. Kò pẹ́, obìnrin kan kígbe lápá òsì pé, "Ẹ wá wo oòrùn bó ti ń wọ̀!" Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ̀ pé Mọ̀gàríbì ti dé. Ìyá mi na ọrùn títí, orí àwọn èèyàn ló rí. Ó jókòó padà, ó ní, "Kò burú. Ẹni tó rí i ti bá wa rí i."

Nígbà tí mo délé ni mo tó wo àwòrán ilẹ̀ ayé. Ọkọ̀ tó bá kúrò ní Èkó lọ sí Jẹ́dà, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ló ń dojú kọ. Nítorí náà, ẹ̀yìn lápá òsì ni oòrùn yóò wọ̀ sí. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, iwájú lápá ọ̀tún ni ẹ ó ti rí i. Ẹ yẹra fún ìdí apá ọkọ̀: ẹ jókòó síwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sẹ́yìn dáadáa.

Ní Jẹ́dà, Òkun Pupa wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, Mẹ́kà sì wà ní ìlà-oòrùn. Bí ọkọ̀ bá dojú kọ àríwá láti balẹ̀, òkun yóò wà lósì, ìhà Mẹ́kà yóò wà lọ́tún. Bó bá dojú kọ gúúsù, ó yí padà. Atẹ́gùn ló ń pinnu rẹ̀, nítorí ọkọ̀ a máa dojú kọ atẹ́gùn bó bá ń balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà pàápàá lè yí padà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan ní oṣù April 2023, wọ́n ti ojú òfuurufú ibẹ̀ pa, àwọn ọkọ̀ sì ní láti yà gba ibòmíràn. Ẹ béèrè ọ̀nà kí ẹ tó yan àga.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo fi ìyá mi sí ojú fèrèsé. Òru ni. Ó fi iwájú orí ti dígí títí tí a fi rí iná Èkó, kò sì rí ohun mìíràn ju òkùnkùn lọ. Ó ti papò dà ní ọdún 2021. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjáńnà kẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti mọ ìhà tí oòrùn ń wọ̀ sí báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tún tàbí òsì ni mo ṣì yàn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ tètè dé, ẹ wá ìhà tó dára. Bí ẹ bá sì ti rí i, ẹ dìde níbẹ̀ fún ìyá yín.