Eegun Jiná, Ẹsẹ̀ Ò Tíì Gbọ́

Lórí ẹ́ksíréè, eegun ìbàdí ti so pọ̀, inú dókítà dùn. Ẹni tí ọ̀kadà gbá sì nìyí, kò lè gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè. Ẹ́ksíréè kì í ya iṣan ìmọ̀lára. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nílé: "Wọ́n ní eegun ẹ ti jiná, kí lo tún ń wọ́sẹ̀ fún?"

*

Àwọn kan tó ń to eegun a máa dá adìyẹ lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ pọ̀ mọ́ aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, olúwarẹ̀ náà á dìde. Mi ò bá wọn jiyàn lórí eegun ọwọ́. Àmọ́ adìyẹ ò lè sọ fún wa pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ti kú.

*

Lọ́dún 1943, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Herbert Seddon, pín ìpalára iṣan sọ́nà 3: èyí tó kàn dákú, èyí tí inú rẹ̀ já tí èèpo rẹ̀ ṣì wà, èyí tó já pátápátá. Ìdí nìyẹn tí dókítà kan fi ń ní kẹ́ ẹ ní sùúrù, tí òmíràn ní kẹ́ ẹ tètè wá fún iṣẹ́ abẹ. Iṣan tó ń hù padà ń rìn bíi mìlímítà 1 lóòjọ́. Láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ ò sì ní dúró de iṣan títí láé, ó ń gbẹ lọ ni.

*

Dókítà kékeré kan ń bi bàbá kan: "Bàbá, ẹ má bínú, tẹ́ ẹ bá jókòó, ṣé ẹ ń mọ àga lára? Ṣé ẹ ń mọ̀gbà tí ìtọ̀ ń bọ̀?" Bàbá wo ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un wá, ó ní kò séwu. Ọmọ jáde lọ sanwó káàdì. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀: "Dókítà, ó kàn máa ń dà ni. Mi ò ní í mọ̀."

Ó yẹ kí wọ́n ti ní kí ọmọ jáde kí wọ́n tó béèrè. Iṣan tó ń ṣọ́ ìtọ̀, ìgbẹ́ àti nǹkan ọkùnrin, eegun ìdí ni wọ́n gbà jáde. Ẹni tí ojú ìjókòó rẹ̀ bá ṣàdédé kú, tí ìtọ̀ há tàbí tó ń dà, ọjọ́ náà gan-an ni kó délé ìwòsàn.

*

Wọ́n kọ amitriptyline fún ọmọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ ń ta bíi kí wọ́n fi ata rodo pa á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ìwé inú páálí: oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ó padà sọ́dọ̀ olóògùn.

"Ṣé wọ́n ní orí àbúrò mi dàrú ni?"

"Rárá o, mà. Iṣan tó ń ta yẹn ló ń bá wí. Alẹ́ ni kó máa lò ó, torí oorun. Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan o, ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ nù."