Ìròyìn Owó Yábàá

Nígbà tí TechCabal, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ẹ̀rọ orí ayélujára, bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ojú ọmọ yàhúù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ọ̀dọ́ Èkó tó bá gbé láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká. Tó bá ní òun dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á bi í pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dà. CcHub, ibùdó àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ti ṣílẹ̀kùn ní Yábàá l'Ékòó láti 2011, àwọn ọmọ sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àmọ́ àwọn ìwé ìròyìn ńlá kì í sábà yà síbẹ̀. Bánkọ́lé Olúwafẹ́mi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní TechCabal wá fi ìyẹn ṣe iṣẹ́: ta ló ń ṣe kí ni, ta ló fún un lówó, èló ni? Nígbà tí Mark Zuckerberg, olùdásílẹ̀ Facebook, ṣàdéédéé yọ sí Yábàá lóṣù kẹjọ 2016, àwa tá a ti ń kà wọ́n ti mọ ilé tí yóò yà sí.

Ṣùgbọ́n "èló ni" yẹn gbòde ju ìyókù lọ. Kéèyàn ṣáà ti gba dọ́là lọ́wọ́ olùdókòwò, fọ́tò rẹ̀ á jáde. Àbúrò mi gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ nípa ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá ìyá wa, tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn. Màmá tẹjú mọ́ fóònù.

"Èlé èló ni wọ́n fi yá yín?"

"Kì í ṣe owó èlé, Màmá. Wọ́n ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà ni."

"Háà, ẹ ti tà lára rẹ̀ nìyẹn. Èrè wá ńkọ́?"

Àbúrò mi rọra gba fóònù rẹ̀.

Mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn akọ̀ròyìn yìí ń pa o. Nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí ayélujára ní Amẹ́ríkà, ra Paystack, irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 2020 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là, ọjà tà lóòótọ́. Àmọ́ 54gene, tó ń ṣèwádìí àbùdá ara àwa ọmọ Áfíríkà, gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 dọ́là, ó sì kógbá sílé ní 2023. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè Màmá kò rọrùn fún akọ̀ròyìn láti bi ẹni tó tún ń polówó lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn akọ̀ròyìn ti ń béèrè rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìròyìn ilé-iṣẹ́ tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró ni mo kọ́kọ́ ń ṣí báyìí. Ti owó tuntun lè dúró di alẹ́.