Mọ́níyà Kì í Ṣe Ilé Ìyá Mi

Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, ni ìyá mi ń gbé. Ìkòròdú ni èmi ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yóò ní kí n gba Ṣàgámù já sí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí n tètè débẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n títì yẹn ló gba ẹ̀mí àbúrò ìyá mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ọmú tí mo mu bẹ̀ mí pé n kò gbọdọ̀ gbà á wá wo àwọn mọ́. Bí mo ṣe di èrò ọkọ̀ ojú irin nìyẹn, láti ìgbà tí ìjọba ti ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn lóṣù kẹfà ọdún 2021.

Kí àkùkọ tó kọ ni mo ti ń wá ọkọ̀ lọ sí Alágómèjì, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra. Ẹ̀yìn ni mò ń rìn kí n tó lè lọ síwájú. Bó bá ti gbéra, n kò ní purọ́ mọ́ ọn: inú rẹ̀ tutù, ìjókòó rẹ̀ dára. A ó kọjá Agége, a ó kan Abẹ́òkúta. Oorun ni mo máa ń sùn.

Mọ́níyà ni oorun náà ti ń dá. Etí ìlú níhà àríwá ni ibùdókọ̀ yìí wà, odindi Ìbàdàn ló sì wà láàárín èmi àti ìyá mi. Àwọn awakọ̀ Micra tó ń dúró dè wá mọ̀ pé a kò ní ibòmíràn tí a ó yà sí, wọ́n sì ń dá owó lé wa bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́yìn náà ló kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òjòó, ti Sángo, ti Mọ́kọ́lá.

Tí mo bá dé Dùgbẹ̀, ojú mi a lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Ọdún 1901 ni ojú irin òyìnbó dé Ìbàdàn. Kì í ṣe tiwa ni wọ́n ń rò, ẹrù ni wọ́n fẹ́ kó. Síbẹ̀, inú ìlú ni wọ́n gbé e wọ̀. Bàbá mi a máa sọ̀ níbẹ̀, wọn a gbé àpò kọ́ apá, wọn a fẹsẹ̀ rìn délé. Bẹ́ẹ̀ ìjọba tó lè la ojú irin kílómítà 157 kò ṣàìlè wá bọ́ọ̀sì tí yóò máa pàdé èrò ní Mọ́níyà.

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí n óò bá padà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí a bá yọ ti ọ̀nà kúrò, bóyá ni mo fi ń lo wákàtí méjì lọ́dọ̀ ìyá mi. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ro àmàlà dè mí, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí àwọn fẹ́ bá mi sọ, kí n jẹun tán ná. Aago ni mò ń wò bí mo ṣe ń jẹun. Bí mo ṣe ń fọwọ́, awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta.

Wọ́n ní, “Máa lọ, ọmọ mi, kí ọkọ̀ má baà fi ọ́ sílẹ̀.”

Mo pè wọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́, mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Wọ́n ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.