Ọjọ́ Mọ́kànlá

Ojú òsì àbúrò mi ò ríran dáadáa mọ́. Bó bá ń ṣa tòmátì ní ìsọ̀ wa ní Iyana-Iba, ó ní láti yí gbogbo orí kó tó rí èyí tó ti ń rà lápá òsì. Èmi ni mo fà á.

Ọdún tí màmá wa kú ni. Àbúrò mi ló tọ́jú wọn títí wọ́n fi dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kú sí. Gbèsè ìsìnkú wà lọ́rùn wa, owó àjọ tí mo ti kó ṣáájú náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní ká padà sọ́jà. Agogo mẹ́rin ìdájí la ń kúrò nílé ní Okokomaiko lọ sí Mile 12, òun ló sì ń ru apẹ̀rẹ̀. Bá a bá ń bọ̀, ọ̀nà Badagry tí wọ́n ti ń tún ṣe láti 2009 á há wa mọ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lóru, mo máa ń gbọ́ tó ń sunkún. Mo sọ fún un pé ẹkún kì í san gbèsè. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ó ní ẹ̀yìn etí ń dun òun. Mo fún un ní Panadol, mo sì gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí.

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀ọ̀, ó bu omi sẹ́nu láti fi yọ ẹnu. Omi náà ṣàn jáde lápá òsì, ó rin àyà aṣọ rẹ̀. Ó tún bu òmíràn, ìyẹn náà ṣàn. "Àǹtí, ẹnu mi ò gba omi dúró." Mo tan iná sí i lójú. Ẹnu ti wọ́ sí ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn. Mo ní kó dijú. Ọ̀kan dì. Ẹyinjú èkejì yí sókè, funfun rẹ̀ nìkan ló kù tó ń wò mí.

Gbogbo ilé ní wọ́n gbá a létí lójú oorun ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé àdúrà. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀, pẹ̀lú ààwẹ̀ àti òróró, tọ̀sán tòru ni ojú yẹn sì wà ní lílà sí eruku. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n gbé e lọ sọ́sibítù. Mo ní tá a bá parí. Lọ́jọ́ kejìlá, ojú ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń ṣepin, ìgbà yẹn ni mo tó gbéra.

Dókítà ní kó hun iwájú orí jọ. Iwájú orí lápá òsì ò hunjọ rárá. Ó ní bó bá jẹ́ rọpárọsẹ̀ ni, iwájú orí sábà máa ń hunjọ síbẹ̀. Bell's palsy ni ó pè é. Iṣan tó ń darí ojú gba inú ihò tóóró kan kọjá nínú egungun lẹ́yìn etí. Bó bá wú, egungun ò ní yẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ dókítà rò pé kòkòrò àìfojúrí tó ti ń sùn nínú iṣan ló ń jí. Mo bi í bóyá ẹrù àti ìbànújẹ́ ló fà á. Ó ní òun ò lè búra, àmọ́ ara tí kò rí oorun, tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, kì í lágbára láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Ó wá ní láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́ ni oògùn tó ń mú kí wíwú iṣan lọ sílẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ní ti ojú, ká máa kán oògùn tí kì í jẹ́ kó gbẹ sí i, ká sì fi pílásítà dì í lóru. Owó ìgò oògùn yẹn ò tó èyí tí mo fi ra òróró.

Mo ṣì ń gbàdúrà. Àdúrà ò ní kí n má gbé e lọ. Ẹni tí kì í ṣe dókítà ò lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́ rọpárọsẹ̀, nítorí náà bí ojú ènìyàn bá wọ́, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹnu rẹ̀ padà sípò lóṣù kẹrin. Egbò tí gbígbẹ dá sí ojú rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ bo ẹyinjú. Èmi ni mò ń ru apẹ̀rẹ̀ báyìí. Lálẹ́, á gbé orí lé mi nítan, èmi ni mo sì ń kán oògùn sí i. Kò tíì bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò tètè gbé e lọ.