Ìmàdò tàbí Phacochère?

Ní Kpoulou tiwa, lágbègbè Adja-Ouèrè, ẹran igbó tí a mọ̀ kò ju òyà, ẹtu àti ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, èyí tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́bàá títì fún títà. Yorùbá pàápàá fara mọ́ ọn: ẹran ni èyí tó ń sáré, ẹran náà ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Faransé tí a fi kàwé pín in sí méjì, animal àti viande.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìdílé wa lọ sí ọgbà ẹranko Pendjari ní Atacora, ìrìn tó ju 500 kìlómítà lọ. Ní kùtùkùtù, àbúrò wa nawọ́ síta: « Ẹran! » Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. « Ṣé ìwọ ni yóò sè é? Ìmàdò nìyẹn. » Afinimọ̀nà ní phacochère ni. Bí àríyànjiyàn orúkọ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹfọ̀n, buffle. Ọ̀nì, crocodile. Ṣùgbọ́n cob de Buffon, tí a rí lọ́pọ̀lọpọ̀, ìyá àgbà wò ó títí, ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò kàn pè é ní àgbọ̀nrín kí ọ̀rọ̀ lè tán, èyí sì wù wá.

Ní adágún Bali, etí àti imú erinmi nìkan ló yọ lójú omi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa: erin àti omi, pẹ̀lú ìpajẹ fáwẹ́lì. Àwọn Gíríìkì pe ẹranko kan náà ní ẹṣin odò, ibẹ̀ ni hippopotame ti wá. Yorùbá ló jàre lójú tiwa. Ta ló rí ẹṣin tó sanra tó bẹ́ẹ̀ rí?

Kìnnìún kan ṣoṣo la rí, akọ, gọ̀gọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, bí ti àwọn kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìyá àgbà kò dárúkọ rẹ̀ títí a fi kọjá. Ó ní a kì í pè é níṣojú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n pa afinimọ̀nà kan ní Pendjari, wọ́n sì jí arìnrìn-àjò Faransé méjì tó ń mú kiri gbé. Àwọn ọmọ ogun Faransé gba àwọn méjèèjì padà ní Burkina Faso, ṣùgbọ́n àwọn agbébọn kò yé kọlu agbègbè náà. Àbúrò wa tí a bí lẹ́yìn ìrìn àjò wa, inú ìwé ilé ìwé ló ti mọ erinmi, ní Faransé.

Ìyá àgbà ti papò dà. Orúkọ mọ́kànlá la kọ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Àyè cob de Buffon ṣì ṣófo. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọdẹ nílùú rẹ̀, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.