Ìlà Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní Goro. Mo rò pé kò sí ìwé Nàgó tí n kò lè kà. Ọmọ mi ni ó fi hàn mí pé èmi náà ṣì ń kọ́.

Nígbà tí ó pé oṣù méje, ó wọn kílò 7. Ní oṣù kẹjọ, kílò 7. Ní oṣù kẹsàn-án, kílò 7. Mo ní: «Kò rù, ó dára.» Ìyá àgbà kan tí kò mọ a, b, d jókòó tì mí níbi tí a ti ń wọn ọmọ. Ó fi ìka tọ ìlà inú ìwé ìwọ̀n náà. Ó ní: «Ìyàwó wa, ọ̀nà ọmọ yìí kò gòkè mọ́. Lọ béèrè.»

Mo béèrè. Kókó tó ṣàn nìkan ni mo ń fún un. Wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà sí i, kí n fún un ní ẹyin. Ní oṣù kọkànlá, ìlà náà ti ń gòkè.

Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé Iléṣà ní Nàìjíríà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó rí i pé ọmọdé lè máa rù díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ó wá ṣe ìwé ìwọ̀n tí ìyá fúnra rẹ̀ yóò máa tọ́jú sílé. Ó pè é ní Ọ̀nà Ìlera. Láti ibẹ̀ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ wo bí a ti ń kà á. Oṣù wà ní ìsàlẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Kílò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ìsàlẹ̀ sí òkè. A ó fi àmì síbi tí oṣù ọmọ àti kílò rẹ̀ ti pàdé. Lẹ́yìn náà, a ó fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí kò bá gòkè mọ́, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àmì kan ṣoṣo kò tó. Ibi tí ìlà ń lọ ni kí ẹ máa wò.

Lálẹ́ òní, ẹ mú ìwé ìwọ̀n ọmọ yín jáde. Ẹ fi ìka tọ ìlà náà. Ibo ni ó ń lọ?